Àlòpẹ́ kọ́, àlòkanmọ ni

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àgbà inú èdè, ẹ kú ìjíròrò. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa fẹ́ kọ pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà ọjà àdúgbò. Ó fẹ́ kí pátákó náà gba tọlọ́jà toníbàárà níyànjú lórí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "sustainability", ìyẹn ká máa lo nǹkan lọ́nà tí yóò fi ṣì wà fún ẹni tó ń bọ̀, ó wá ní kí la máa pè é. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti jáde: ìdúróṣinṣin, ìmúdúró àti àlòpẹ́. Mo ti gbé wọn yẹ̀ wò fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò sì lè fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ìdúróṣinṣin kò gba àlàyé púpọ̀. Ìwà ẹni tí kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bí mo bá kà á lẹ́nu ọ̀nà ọjà, màá rò pé wọ́n ń kìlọ̀ fáwọn tó ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ni jẹ ni. Ìmúdúró ní tirẹ̀ ń dún bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dá ọjà dúró.

Àlòpẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi, torí ó kúrú, ó sì dùn lẹ́nu. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rá. Oníbàárà ra nǹkan tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ọlọ́jà fi ìka kan ahọ́n kó lè tutù, ó fi ya ẹnu ọ̀rá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kó ọjà sínú rẹ̀, ó so ó. Iṣẹ́ tí ọ̀rá yẹn ṣe lè má tó wákàtí kan. Wọ́n délé, wọ́n já a, ó di inú gọ́tà. Ibẹ̀ ni yóò wà tí ẹni tó tà àti ẹni tó rà yóò fi lọ tán láyé, tí kò ní jẹrà. Nínú gbogbo ohun tó ń wọ ọjà, mélòó ló pẹ́ tó ọ̀rá? Bó bá jẹ́ pípẹ́ là ń wá, ọ̀rá á wà lára àwọn tó gba iwájú. Ìdí nìyí tí mo fi ní pẹ́ ò lè jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Faransé gba ọ̀nà yẹn, "durable" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ohun tó ń pẹ́. Kò di dandan ká tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí èrò náà ti ṣẹ̀. Ní 1713, ní Saxony nílẹ̀ Jámánì, ọ̀gá kan tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwakùsà, Hans Carl von Carlowitz, rí i pé igi ń tán. Iṣẹ́ náà ń jẹ igi: wọ́n ń fi ṣe òpó inú kòtò, wọ́n sì ń fi dáná yọ́ ohun tí wọ́n wà jáde. Ó wá kọ̀wé pé ká má ṣe gé ju iye tó lè hù padà lọ, inú ìwé yẹn sì ni àwọn Jámánì ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò dòní. Carlowitz kò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi. Lílò ló ń sọ, àmọ́ lílò tí igbó yóò ṣì wà fún ẹni tó ń bọ̀. Ní 1987, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, tí Gro Harlem Brundtland ti Norway jẹ́ alága rẹ̀, là á mọ́lẹ̀: ká gbọ́ bùkátà tiwa lónìí láìdí ìran tó ń bọ̀ lọ́wọ́ láti gbọ́ tiwọn. Àlòpẹ́ kò dárúkọ ìran yẹn rárá.

Èdè wa sì ní ọ̀rọ̀ fún un. Bí a bá tò, tí ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan, a ní ó kàn án. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni àlòkàn: lò ó kí ó lè kan ẹlòmíì. Inú mi dùn sí i títí mo fi kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí àwọn tó ń kun pátákó ṣe sábà máa ń ṣe: alokan. Ẹni tó bá rí ìyẹn lè kà á sí àlòkan, ohun tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí a jù nù. Ohun tí pátákó náà ń bá jà gan-an nìyẹn! Àmì kan péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ náà àti òdìkejì rẹ̀. Mo gbé e tì.

Mo wá fi ọmọ kún un: àlòkanmọ. A lò ó, ó kan ọmọ. Bí kò tilẹ̀ sí àmì lórí rẹ̀, "mọ" tó gbẹ̀yìn kò ní jẹ́ kó di àlòkan. Mi ò sì jẹ́ kí ìpajẹ, ìyẹn pípa ìró kan jẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé, sọ ọ́ di kọmọ, torí ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ lọkàn rẹ̀ máa lọ. Ẹnìkan lè ní ẹni tí kò bímọ ńkọ́. Gbogbo ẹni tí yóò ná ọjà yẹn lẹ́yìn wa ni ọmọ tí mò ń wí.

Ohun kan tún ń dùn mí: ọ̀pọ̀ wa ń fi àtúnlò rọ́pò gbogbo rẹ̀. Bí mo bá fọ ìgò tí mo tún bu nǹkan sínú rẹ̀, àtúnlò nìyẹn. Bí wọ́n bá fọ́ ìgò náà, tí wọ́n yọ́ ọ fi ṣe ìgò mìíràn, iná ńlá ló ń gbà; ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní àtúnrọ, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ irin. Bí a bá pe méjèèjì ní àtúnlò, ọlọ́jà ò ní mọ̀ pé ìgò fífọ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

Ní ti ewé àti èèpo tó ń jọ nírọ̀lẹ́ ọjà, kò sí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ dá. Ajílẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tó ń jí ilẹ̀; ó ti sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá kó ewé tútù mọ́ gbígbẹ, tí wọ́n ń yí i kí atẹ́gùn lè wọlé, á jẹrà di ajílẹ̀. Bí wọ́n bá rì í mọ́ abẹ́ òkìtì ìdọ̀tí tí atẹ́gùn ò dé, gáàsì methane tó ń mú ayé gbóná ni yóò máa tú jáde. Irú ọ̀rọ̀ bí ajílẹ̀ ni mo fẹ́ kí àlòkanmọ jẹ́.

Àmọ́ lórí pátákó fúnra rẹ̀, mi ò ní kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kankan. "Ẹ jẹ́ ká gbé àlòkanmọ lárugẹ" dára nínú ìwé. Ọjà fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tí màá kọ ni: Ẹ gbé àpò wá láti ilé, ẹ ná ọjà yìí kí ó kan ọmọ. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó jọ̀ọ́ kó mú un wá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀ka èdè yín ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún kàn.