Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ ìdílé ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá ni mo béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ó yẹ kí èmi àti ìdílé mi wọ ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé owó ọdọọdún wọn wọ̀ mí lọ́rùn. A wọ ẹgbẹ́ náà, ọdún sì ti yí po.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ojú ọjọ́ ni yóò máa darí wa. Láti oṣù Igbe títí di Agẹmọ, òjò kì í sábà jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Abẹ́ àtíbàbà ni a ti ń ta ayò, tí ìyàwó mi ń ronú owó tí a san, tó sì ń mí kanlẹ̀. Nígbà tí òjò sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, ni àbíkẹ́yìn wa tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́: ó yọrí lódì kejì, omi ń kán ní etí rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ rí mi?" Ọyẹ́ dé ní oṣù Ọ̀pẹ, omi tutù, síbẹ̀ ìgbà náà ni ọgbà kún jù, nítorí àwọn tó wálé ọdún.

Mo ti san ti ọdún yìí. Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ibi tí ìbéèrè mi parí sí nìyí.