Àpótí inú fóònù tó jẹ owó ankárá mi

Ìyá Bọ̀dé, Ìtirẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń ta ankárá. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn fi ₦86,000 ránṣẹ́, kí n bá a kó aṣọ ẹbí tó bá di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo máa jí gbàdúrà ní aago márùn-ún ìdájí, álẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà lórí fóònù. ₦7,400, ₦7,400, ₦7,400, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo ní ọmọ Yahoo ti rí mi mú. Mo ti wọ bàtà tán, mo fẹ́ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà báǹkì kí wọ́n tó ṣí, ni Bọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, èmi ni. Mo rò pé èyí tó kàn ló máa jáde."

Kí ló máa jáde? Mo ní kó ṣí i kí n fojú ara mi rí i. Géèmù bọ́ọ̀lù ni. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ṣí. Tí ọmọ bá ti fọwọ́ kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ létí rẹ̀, ìlù á máa dún kíkankíkan. Àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù á wá máa sáré kọjá. Èyí tí gbogbo wọn ń wá á yọjú, á máa falẹ̀ bíi dánfó tó fẹ́ já èrò, á tún rọra sún síwájú díẹ̀, ó tán. Ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló dúró sí. Ọmọ mi gbàgbé pé mo ń bínú, ó ní, "Ẹ rí i? Ó kù díẹ̀!"

Ara mi bù máṣọ, torí mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kíóọ̀sì lọ́tò ní Mushin ni bàbá mi ná ìdajì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sí. Ojoojúmọ́ ló ń kù díẹ̀. Wọ́n á gbé 34, 35 á jáde. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá fi ìwé nọ́ńbà rán èmi ọmọdé lọ, oníkíóọ̀sì kì í gbà á lọ́wọ́ mi. Á ní, "Lọ pe bàbá ẹ wá." Títí dòní, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ ní Èkó, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí ilé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ àjọ tí ìpínlẹ̀ fi ń ṣọ́ wọn. Ta ló wá fún àpótí yìí ní láísẹ́ǹsì? Ta ló béèrè ọjọ́ orí Bọ̀dé?

Báǹkì ní káàdì mi ni wọ́n fi sanwó, kò sí olè ńbẹ̀. Òótọ́ ni, èmi ni mo fi káàdì sórí fóònù nígbà tí ó ní òun fẹ́ ra ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò. Àwọn tó ń ta géèmù náà dá owó ìgbà mẹ́ta padà nínú mọ́kànlá, wọ́n ní ìyókù ti di lílò. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá alájọ tó jẹ́ kí n kó àjọ ṣáájú, aṣọ ẹbí ì bá di ẹjọ́.

Ohun tí mo ń wí ni pé, bí ìjọba ṣe ń mú oníkíóọ̀sì, kí wọ́n mú eléyìí náà. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Onílé-géèmù, Mushin

Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí n má purọ́, irú wa náà lẹ̀ ń bá wí. PS mẹ́rin ni mo ní, mo tún ń bá àwọn ọmọ ra kọ́ìnì géèmù. Tí wọ́n bá ra ₦2,000, mo ń jẹ ₦200 lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tó ṣì wọ aṣọ iléèwé mú ₦5,000 wá, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦100 ₦100, ó ń rùn fún irú. Mo mọ̀ pé abẹ́ tábìlì ìyá kan lọ́jà ló ti wá. Mo tà á fún un. Òórùn yẹn ò kúrò nímú mi.

Àwọn kan á ní tí ìjọba bá dá sí i, géèmù á kú. Irọ́ ni. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní tẹ́tẹ́ gidi ni irú àpótí báyìí. Nígbà tó di ìparí oṣù Kìíní 2019, EA, iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní FIFA nígbà náà, ò ta FIFA Points, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ṣí àpótí, níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣì ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù wọn. Bọ́ọ̀lù ò torí ẹ̀ jò.

Ọmọ Yábàá

Ìjọba wo? Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ọmọ ọdún 27 ni mí, kò sẹ́ni tó tàn mí. Ṣáínà ti ní láti 2017 kí àwọn tó ń ṣe géèmù máa kọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ohun téèyàn ń wá jáde nínú àpótí. Wọ́n kọ ọ́ sínú tèmi náà, wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná: 0.5%. Ọ̀kan nínú igba nìyẹn. Èmi ọ̀mọ̀wé wá ní tí mo bá ti ṣí igba, dandan ni kó jáde. Àpótí kì í rántí iye tó o ti ṣí. Tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ṣí igba igba, bíi mẹ́tàdínlógójì ló máa lọ lọ́wọ́ òfo. Mo wà nínú wọn. Owó ilé mi ló bá a lọ.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní oṣù Kọkànlá 2024 pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì, ti ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti Àbújá. Ó kan Aláúsá nìyẹn. Báwo ni Aláúsá ṣe fẹ́ mú iléeṣẹ́ tó wà lókè òkun? Wọ́n á gba owó láísẹ́ǹsì ni, ọmọ á ṣì máa ṣí àpótí.

Onílé-géèmù, Mushin

Àbúrò, Amẹ́ríkà mú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2022, Epic Games, iléeṣẹ́ tó ni géèmù Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 245 dọ́là kí wọ́n fi dá owó àwọn èèyàn padà, torí pé wọ́n fi ọgbọ́n àyínìke gba owó lọ́wọ́ wọn, tí àwọn ọmọdé sì ń fi káàdì òbí ra nǹkan.

Ọmọ Yábàá

Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Bọ̀dé, Ìtirẹ́

Ẹ má jà o. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ káàdì kúrò lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dé ló máa ń bá mi ṣe é.