Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe ti owó orí?

Ayàwòrán Ìbàdàn: Iléeṣẹ́ ló ń yọ owó orí mi tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ni mò ń yà fún ara mi báyìí. Kí ló bá ẹ̀yin lójijì?

Ìyá Rúkà Télọ̀: Alájọ ló ń bá mi mú un. Ojoojúmọ́ ni mò ń dá a, apá kan fún ṣọ́ọ̀bù, apá kan fún owó orí. Èyí tó bá sùn lọ́wọ́ mi, àwọn ẹbí ti gbọ́ òórùn ẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Alájọ kẹ̀? Tó bá gbé e sá ńkọ́?

Ìyá Rúkà Télọ̀: Bàbá ẹ̀ ni ìyá mi dájọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Báǹkì tìẹ tó ń gé ẹ lówó lóṣooṣù ńkọ́?

Jọ́ọ̀nù K: Ẹ ní kí oníbàárà kọ "gift" sí owó tó bá fi ránṣẹ́. Ó parí.

Akántáǹtì Àdúgbò: Ẹ̀bùn wo ni ọkọ ìyàwó ń fún ayàwòrán ní gbogbo Sátidé? Ohun tí owó wà fún ni òfin ń wò. Láti January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan tó kù lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́ kò lówó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń háyà ilé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ẹ̀, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Kí oṣù kẹta tó parí, ẹ kọ èrè yín ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ yín. Ẹ tọ́jú rìsíìtì!

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Owó táwọn ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà ńkọ́, ṣé ìnáwó iṣẹ́ ni?

Akántáǹtì Àdúgbò: Rìsíìtì dà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Igi ni wọ́n mú dání, sà.

Jọ́ọ̀nù K: Mo ń ra díísù, mo ń gbẹ́ gọ́tà, mo ń san owó ọlọ́dẹ. Kí wá ni mò ń sanwó orí fún?

Bọ̀dá Peckham: Títì dára lọ́dọ̀ wa ní London, àmọ́ ẹ gbọ́ o. Oúnjẹ ni mò ń fi ọ̀kadà gbé kiri. Owó orí mi àkọ́kọ́ pé ní January 31, wọ́n ní kí n san ìlàjì ti ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn! July 31 ni ìlàjì kejì. Ojú mi là. Báyìí, owó ò tíì wọlé tán tí mo ti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sí àkáǹtì tí mi ò gba káàdì ẹ̀.

Jọ́ọ̀nù K: Ẹ máa bọ̀ nílé, bọ̀dá.

Bọ̀dá Peckham: Kí n wá máa gbẹ́ gọ́tà?

Ayàwòrán Ìbàdàn: Ìyá Rúkà, ṣé alájọ yín ń dé Mọ́kọ́lá?

Ìyá Rúkà Télọ̀: Sábó ló ń parí sí. Màá bá ẹ bi í.