Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín

Nọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn:

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti náìtì dé bíi tèmi, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi ó ti tó ọdún kan, ọkọ mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo wà. Nígbà tí mo débẹ̀, àwa mẹ́rin la máa ń wà ní náìtì, aláìsàn lè tó ogún. Ọ̀kan lọ UK, ọ̀kan lọ Canada, ẹ̀kẹta lọ Saudi, wọn ò gba ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, bó ṣe di pé èmi àti ọmọ kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ la jọ ń dojú kọ aláìsàn 28 nìyẹn, náìtì márùn-ún léra wọn, iná lè lọ láàárín òru kó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù la máa fi wá iṣan. Tí mo bá délé láago mẹ́sàn-án àárọ̀ gbogbo ara á ti wó, síbẹ̀ oorun ò ní wá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, fóònù ń dún, kí ojú mi tó pa dé aago méjì ti lù, mo gbọ́dọ̀ lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé.

Rírẹ̀ yẹn kọ́ ló dẹ́rù bà mí o, ó ti mọ́ mi lára. Lóru ọjọ́ kan, bàbá kan ní kí n jọ̀ọ́ bu omi fún òun. Mo gbọ́ wọn kedere, mo ń kọ̀wé mi lọ. Wọ́n tún pè mí, ohùn wọn ti wálẹ̀. Mo wá sọ fún ọmọ tá a jọ wà pé "lọ wo nǹkan tí bẹ́ẹ̀dì 11 ń fẹ́." Ọmọ yẹn dúró, ó ń wò mí. Ó ní "Mà, bàbá tẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ oko kòkó lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, tẹ́ ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín." Mo gbìyànjú kí n rántí orúkọ wọn, kò wá. Èmi tí mo máa ń mọ orúkọ aláìsàn, tí mo máa ń mọ orúkọ ìyàwó ẹ̀ àti irú ọbẹ̀ tó ń jẹ, bàbá ti di nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì lẹ́nu mi, tí wọ́n bá tiẹ̀ kú lóru yẹn mi ò mọ̀ bóyá omi á bọ́ lójú mi. Bàbá ò kú, wọ́n lọ sílé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tiẹ̀ súre fún mi kí wọ́n tó lọ. Ìre yẹn gún mi lọ́kàn ju èébú lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni orí fífọ́ gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, BP mi ti ga dé 160/100, èmi ọmọ ọdún 34. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n tún lọ rí sàíkọ́lọ́jíìsì, ìyẹn onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà èèyàn. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbé mi lọ Árò. (Bẹ́ẹ̀ Árò tá a fi ń bú ara wa yìí, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn láti 1954, tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè fi ń wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ orúkọ ibẹ̀ bí èébú.)

Mo lọ rí sàíkọ́lọ́jíìsì náà, obìnrin ni. Nǹkan mẹ́ta ló bi mí. Ṣé ó ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó jáde nílé? Ṣé àwọn tí mò ń tọ́jú ti ń dà bí ẹrù lójú mi? Ṣé ó ń ṣe mí bíi pé gbogbo làálàá mi ò já mọ́ nǹkan kan? Ibi ìbéèrè kejì ni mo ti bú sẹ́kún. Ó ní kì í ṣe èmi nìkan, ó ní obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Christina Maslach, ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ó pẹ́, òun àti Susan Jackson ló gbé àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ jáde ní 1981, burnout lorúkọ ẹ̀. Ó ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2019 pé ibi iṣẹ́ ló ti ń wá, látinú wàhálà iṣẹ́ tó ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sẹ́ni tó bójú tó o, wọn ò tiẹ̀ pè é ní àìsàn. Ẹ ò mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe tù mí nínú. Mo ti rò pé ìwà mi ló bàjẹ́, pé ọkàn mi ti di òkúta.

Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ tiyín.

Bàbá kan tó ń hun aṣọ òfì, Ìsẹ́yìn:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á fún ẹ lókun. Ṣùgbọ́n kí n sọ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Bàbá wa roko, ìyá wa rugbá lọ sọ́jà láti ìdájí, a ò gbọ́ burnout lẹ́nu wọn. Èmi náà ti hun òfì ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò dúró. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń ro nǹkan jù?

Ará Èkó, mo ti ṣe báńkì rí:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má bínú kí n fèsì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń hun òfì tí ẹ̀yìn bá ń ro yín, ta lẹ máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde? Tí oníbàárà bá ní ọ̀la lòun ń fẹ́ aṣọ, ẹ lè ní kó di ọ̀tunla. Ẹ̀ ń bá ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó tàkúrọ̀sọ. Tẹ́ ẹ bá hun ún tán, ẹ ó fi ojú yín rí i, aṣọ rèé.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe máàkẹ́tíìn fún báńkì kan, kóńtíráàkì ni. Mówé ni mò ń gbé, ọ́fíìsì wà ní Victoria Island. Aago mẹ́rin ìdájí mo ti jí, tí mo bá dé lẹ́yìn aago méje ààbọ̀ wọ́n á kọ orúkọ mi sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní táágẹ́ẹ̀tì owó tí mo gbọ́dọ̀ mú wọlé lóṣooṣù, mi ò mọ olówó kankan, ìjọ mi, ẹbí mi, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ni mo ti bẹ̀ títí wọ́n fi ń sá fún mi. Àràárọ̀ Mọ́ńdè la máa ń ṣe mítíìn, wọ́n á gbé orúkọ gbogbo wa sójú ògiri, èyí tí ò rówó mú wá á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀gá á ní kẹ́ni náà dìde dúró títí mítíìn á fi parí. Mo dìde dúró fún wákàtí méjì lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Kò sí nǹkan kan tí mo láṣẹ lé lórí, àtowó èlé tí màá fún oníbàárà, àtàkókò tí mo máa lọ sílé. Ó wá di pé lọ́jọ́ Sunday, tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá ti ń di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Lọ́jọ́ kan lórí Third Mainland èémí mi gé, mo rò pé ikú ti dé, àwọn èrò inú ọkọ̀ ń da omi sí mi lórí. Ọsibítù yẹ ọkàn mi wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Mo fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀, mo lọ ṣe másítà lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ibi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni olùkọ́ wa ti sọ ti Robert Karasek, onímọ̀ kan tó ṣèwádìí lórí iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tó kọ ọ́ ní 1979 pé kì í ṣe bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ nìkan ló ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́, iṣẹ́ tó pọ̀ tí ẹni tó ń ṣe é ò sì lẹ́nu nínú bó ṣe máa ṣe é, ìyẹn ló burú jù. Àwọn tó tẹ̀ lé e fi kún un pé ó tún ń le sí i tí kò bá sẹ́ni tó ń gbè é lẹ́yìn níbi iṣẹ́. Mò ń gbọ́ ọ, mo rí ara mi lórí ìdúró níwájú ògiri yẹn. WHO àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, náà sọ ọ́ ní 2021 pé ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí tẹni tó ń ṣe 35 sí 40. Èmi ń ṣe tó 62 nígbà yẹn, mi ò tíì ka gosìló mọ́ ọn.

Bàbá kan, Ìsẹ́yìn:

Ọmọ mi, o ti là mí lóye. Mi ò ro ti ẹni tó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó dìde rí. Ọmọ mi kan ń ṣe báńkì ní Òṣogbo, tí mo bá pè é lọ́sàn-án kì í gbé e, mo ti ń bínú sí i. Màá pè é lálẹ́.

Ẹni tó ń ṣe kẹ́à, England:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú níbí, ilé dé ilé. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n máa fún ẹ láti wẹ̀ fún ìyá àgbà kan, kó o fún un lóògùn, kó o fún un lóúnjẹ. Ìrìn láti ilé kan sí èkejì, wọn kì í sanwó ẹ̀ fún wa. Mo máa ń jáde láago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mò ń wọlé, owó wákàtí mẹ́jọ ni màá rí gbà. Ìyá kan di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan pé kí n jókòó ti òun díẹ̀, òun ò tíì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀, mo já ọwọ́ mi gbà torí áàpù fóònù ti ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ka tiyín, ọwọ́ màmá yẹn ni mo rí. Mi ò lè pariwo, àwọn tó gbà mí síṣẹ́ náà ni fisà mi so mọ́, tí wọ́n bá lé mi, ọjọ́ 60 ni mo máa ń rò pé mo ní láti fi rí ẹlòmíì tó máa gbà mí. Ilé sì ń pè, owó ilé ìwé, owó oògùn, tí mo bá ní ó rẹ̀ mí wọ́n á ní "ṣebí ìlú òyìnbó lo wà." Inú mọ́tò ni mo ti máa ń sunkún, láàárín ilé kẹta sí ìkẹrin, páákì kan wà níbẹ̀ tí kì í sèèyàn.

Nọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn:

Àbúrò mi, mo ka tìẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Jọ̀ọ́ lọ rí GP ẹ, dókítà àdúgbò ẹ níbẹ̀, sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ níbí, wọ́n lè kọ ìwé ìsinmi fún ẹ. Kó o sì wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, UNISON ń gba àwọn tó ń ṣe kẹ́à, má dá nìkan dojú kọ wọn.

Ohun tí ará Èkó sọ yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Èmi nìkan kọ́ ni mo lọ bá mátírọ́nì, àwa márùn-ún la jọ lọ. A ò bèèrè owó. A ní kí wọ́n jẹ́ ká máa fúnra wa to ọjọ́ iṣẹ́ wa, kí náìtì ẹnikẹ́ni má ju mẹ́ta lọ léra wọn. Wọ́n kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Oṣù kejì ni wọ́n tó gbà, wọ́n sì yá wa ní nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù míì. A ò tíì pé o, ṣùgbọ́n BP mi ti sọ̀ kalẹ̀ sí 130/85, mo ṣì ń loògùn. Tí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n máa pe orúkọ, kí wọ́n má pe bẹ́ẹ̀dì. Àwọn òru kan ṣì wà tí mo máa gbọ́ "nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́" tí inú mi á kọ́kọ́ le kó tó rọ̀.

Mo ní náìtì lálẹ́ òní, aláìsàn 24. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn díẹ̀, ọkọ mi ti lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ yẹn.