Ìrìn kẹ̀kẹ́ wa ní Kansas, Amẹ́ríkà: a ti dé o

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Mo bi yín bóyá táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba ojú ọ̀nà Flint Hills, ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, láti ìlú Osawatomie dé ìlú Herington, 118 máìlì. Táyà fífẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa lò. Òkúta wẹẹrẹ ni wọ́n dà sójú ọ̀nà yẹn. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ láti lo fífẹ̀ ń jò ṣáá ni.

Òkè tí ẹ fi dẹ́rù bà mí ńkọ́? Rélùwéè kì í sábà gun òkè gíga, ojú ọ̀nà náà rọra ń gòkè ni. Atẹ́gùn gúúsù ló fojú wa rí màbo!

Ẹ rọ omi kún ní Osage City. Lẹ́yìn ibẹ̀, àwọn ìlú Admire, Allen àti Bushong kéré gan-an, ẹ má gbójú lé ṣọ́ọ̀bù títí dé Council Grove.

Ìbéèrè mi parí síbí.