Àbúrò mi wà ní téṣàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Admin ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Àbúrò mi obìnrin ló wà ní téṣàn láti àná, ní Ìkòròdú níbí. Ọkọ ẹ̀ ti ń lù ú látinú oyún àkọ́bí, mo sì ní kó má fẹ́ ẹ nítorí ìyá ọkọ náà, obìnrin tó rí wa fín lọ́jọ́ ìdána. Ìyá ọkọ yìí náà ló ń pariwo káàkiri báyìí pé apààyàn ni àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹ̀ ò kú o, ó wà lọ́sibítù, omi gbígbóná lásán ni àbúrò mi dà sí i lára. Ọlọ́pàá ń béèrè owó bélì. Ṣebí ó ń gba ara ẹ̀ là ni?

Mama Tiwa: Háà, Ọlọ́run á yọ ọ́. Èmi náà jẹ ìyà yẹn, eyín méjì ló bá a lọ, mo kàn kẹ́rù mi lóru ni. Kí ló dé tí ò tètè kúrò?

Ẹni tó béèrè: Kó lọ síbo? Pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ tì pa? Ẹ jọ̀ọ́.

Baba Ìjẹ̀bú: Ẹ lọ bẹ ẹbí ọkọ kí wọ́n yọwọ́. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni.

Lọ́yà Bọ̀sẹ̀: Bàbá, ẹjọ́ ọ̀daràn ni, ìjọba ló ni ín. Aunty, bélì ò gba kọ́bọ̀. Ẹ pe OPD, lọ́yà ọ̀fẹ́ ti ìjọba Èkó ni wọ́n, ẹ pe DSVA náà, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbèjà àwọn tí wọ́n ń lù nínú ilé. Fọ́tò, káàdì ọsibítù, voice note tí ọkọ fi ń halẹ̀, ẹ má pa ìkankan rẹ́. Kí ni ọkọ ń ṣe nígbà tó da omi sí i?

Ẹni tó béèrè: Fọ́tò wà o! Apá ẹ̀ tó kán lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo sanwó ọsibítù.

Lọ́yà Bọ̀sẹ̀: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ẹni tó béèrè: Ó ń sùn. Ọkọ lù ú lálẹ́ ó sì sùn, ìdájí ni àbúrò mi da omi sí i. Ó ti wà nínú sítétímẹ́ǹtì ẹ̀.

Baba Ìjẹ̀bú: Ẹ ò rí nǹkan!

Mama Tiwa: Bàbá, ẹni tí wọ́n ò lù rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà Bọ̀sẹ̀: Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ká tó ní ó gba ara ẹ̀ là, ewu gbọ́dọ̀ wà lójú ẹ̀, ó sì ṣòro láti sọ pé ẹni tó ń sùn jẹ́ ewu bẹ́ẹ̀. Tá a bá sì ní ọkọ ló mú un bínú, òfin fẹ́ kó jẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí inú tó rọ̀. Àwọn ọdún tó fi jẹ ìyà lè mú kí adájọ́ dín ìjìyà kù. Ṣé lọ́yà wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, àbí wọ́n ká a sí fídíò? Òfin Èkó béèrè fún ọ̀kan nínú ẹ̀. Kí ni ọkọ sọ kó tó sùn?

Ẹni tó béèrè: Kò sí lọ́yà, kò sí fídíò, ọlọ́pàá ló kọ ọ́, ó ní kó sáìn. Ọkọ ní tí òun bá jí òun á parí ẹ̀, ọ̀bẹ wà lábẹ́ pílò ẹ̀. Àbúrò mi ò sọ ìyẹn fún ọlọ́pàá. Mo ń lọ sọ ọ́ fún IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, báyìí.

Lọ́yà Bọ̀sẹ̀: Rárá o! Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ títí lọ́yà á fi dé, abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà fún un láyè. Lọ́yà ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.