Àpótí ìfọ́nọ̀dà tí mo kàn fún bàálù oníke mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Leeds ni mo ń gbé, bàálù oníke kéékèèké ni mo máa ń tò, pàápàá àwọn bàálù Nigeria Airways àtijọ́ tó wà lọ́kàn mi láti kékeré. DC-10 wọn, bàálù ńlá kan tí mo tò ní ìwọ̀n 1/144 (ìdá kan nínú 144 ti gidi), ló jẹ́ kí n kan àpótí yìí, tí fáànù ń fa ìkùukùu ọ̀dà inú rẹ̀ gba fíìtà (asẹ́ ọ̀dà) jáde síta. Òkè ara bàálù yẹn funfun báláú, ilà àwọ̀ ewé sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ́n ọ̀dà funfun rí mọ̀ pé eruku tó bá bà lé e kò ṣeé fi pamọ́. Lásìkò òtútù, ta ló sì fẹ́ gbé airbrush, ohun èlò tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, lọ sẹ́yìn ilé?

Àpótí yẹn fúnra rẹ̀ kò le. Pákó fẹ́lẹ́ ni mo fi kàn án, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, ó ga ní 40. Fáànù niṣẹ́ wà. Kí ìkùukùu ọ̀dà má baà padà síni lójú, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba ẹnu àpótí wọlé ní bí ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 0.5 lọ́nà 0.4 jẹ́ 0.2, ìdajì ìyẹn jẹ́ 0.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn mítà oníwọ̀n mẹ́ta (cubic metre) 360 ní wákàtí kan. Fáànù ilé ìwẹ̀ tó wọ́pọ̀ kò dé ìdajì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n kọ sára páálí fáànù, láìsí fíìtà, láìsí páìpù ni. Èyí tó tóbi dáadáa ni mo rà, mo wá na páìpù rẹ̀ gbọọrọ sójú fèrèsé, torí gbogbo ibi tí páìpù bá ti kọ́ ni agbára ti ń dín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún iná. Tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà a máa tètè gbiná, fáànù tí mọ́tò rẹ̀ bá sì ní burọ́ọ̀ṣì (kábọ̀n tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò) a máa ta iná pàrà. Èyí tí kò ní in ni mo wá kiri, ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò nìkan ni mo sì ń fọ́n níbẹ̀. N kò gbé ọ̀dà inú agolo débẹ̀ rárá, nítorí gáàsì bútéènì tàbí própéènì ló sábà máa ń tì í jáde. Ìbòmú onífíìtà kì í sì í kúrò nímú mi.

Kí n tó fọ́n ohunkóhun, mo mú tíṣù fẹ́lẹ́ kan síwájú fíìtà. Ilẹ̀kùn yàrá wà ní títì, tíṣù kàn ń mì jẹ́jẹ́. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ báyìí, ó fò mọ́ fíìtà pẹ́kí! Afẹ́fẹ́ tó ń jáde gbọ́dọ̀ rí arọ́pò.

DC-10 mi ti gba ọ̀dà, ó ń dán. Ariwo fáànù ló kù. Ẹni tó bá ń lo èyí tó dákẹ́ díẹ̀, ẹ sọ irú rẹ̀ fún mi, ọmọ ń sùn ní yàrá kejì.